Ẹsẹ̀ Tó Ń Jẹ́ Ìka

Ní Yemẹtu, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú iná lọ,
mo jókòó ti bátìrì tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀,
mò ń kọ́ pátákó kékeré kan ní irọ́ pípa.
Ògùnpa ni mo ti rà á, kò ju àtàǹpàkò lọ.
Ẹni tó tà á ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe.
Mo ní mo fẹ́ kó di kíbọ́ọ̀dù.
Ó rẹ́rìn-ín: kíbọ́ọ̀dù gidi rèé, ẹgbẹ̀ẹ́dógún péré.

Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́?
Bàbá mi, Ràímì Àkàndé, atẹ̀wé Sẹkitéríàtì l'Ágodi,
ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin,
wọn kì í wo ọwọ́, wọn kì í wo ojú ọ̀gá.
Rọpárọsẹ̀ dé lọ́jọ́ Àlàmísì kan,
ó gba ọwọ́ méjèèjì, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu,
ó fi ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ bí ẹni gbàgbé ẹrù.

Mo tú pẹ́dàlì kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Àǹtí Àsímáwù.
Wọ́n bá mi jà. Wọ́n tún jà lọ́jọ́ kejì.

Kọ̀ǹpútà kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò lásán.
O bá ti ki ẹnu bọ ihò rẹ̀, á béèrè bí ará Ìbàdàn:
Ta ni ọ́? Agbo ilé wo? Iṣẹ́ wo lo wá ṣe?
Pátákó mi kọ́kọ́ yadi. Ó lé e.
Lẹ́ẹ̀kejì ó kólòlò. Ó lé e.
Dírẹ́bà ni wọ́n ń pe ohun tí mò ń kọ,
dírẹ́bà tí kò wa mọ́tò, ọ̀rọ̀ ló ń rù láti ìloro dé yàrá.
Òru kẹsàn-án, mo ní kí pátákó há a sórí bí ọmọ ilé kéwú:
Kíbọ́ọ̀dù ni mí. Ilé kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n bí mi sí.
Kọ̀ǹpútà ní, Ó dáa, wọlé, jókòó,
má sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá bi ọ́.

Ó sì ń bi í. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti bi í nígbà mẹ́wàá:
Ọ̀rọ̀ wà? Kò sí. Ọ̀rọ̀ wà? Kò sí.
Ọ̀rọ̀ wà? Ẹ̀rin.
Ẹ̀rin ni A, àrún ni B;
kò sí lẹ́tà kankan nínú wáyà, nọ́ńbà lásán ni.

Títẹ̀ kò sì tó. O gbọ́dọ̀ sọ pé o ti gbé ọwọ́ kúrò.
Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, A gba gbogbo ojú ìwé,
aaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaa,
ó jọ ohùn kan ṣoṣo tó kù sí Bàbá lọ́fun.
Mo sáré fi òdo mẹ́jọ ránṣẹ́. Ó dákẹ́.

Mọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kò mọ ibi tó wà rí.
Bó ṣe jìnnà sí ibi tó ti kúrò nìkan ló mọ̀:
mẹ́ta sí ọ̀tún, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀.
Mo kọ́ pátákó ní ìyẹn náà.
Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń gbé láti Àlàmísì yẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, mo kì í bọ ihò.
Orúkọ tí mo sọ ọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà:
kibọọdu baba.
Lẹ́tà ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá ń dọdẹ wọn,
ẹsẹ̀ òsì balẹ̀, ó gbéra, ó balẹ̀.
Àǹtí Àsímáwù dúró lẹ́nu ọ̀nà, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́,
wọn ò rántí mọ́ pé pẹ́dàlì ni wọ́n wá gbà.
Ogójì ìṣẹ́jú. Mo rò pé ọpẹ́ ni yóò jẹ́.
Wọn ò fo àmì kan:

Bàbá àbí bàbà? Àmì ohùn dà?